Ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ: kí ni kóòtù sọ ní 2023, kí sì ni kò sọ?

Bí ìdìbò 2027 ṣe ń kanlẹ̀kùn, àríyànjiyàn ọdún 2023 tún ti gbérí. Lórí ètò àárọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ní ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀, àti lórí WhatsApp, níbi tí ohùn tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ láàárọ̀ ti máa ń kárí ìlú kó tó di ọ̀sán, gbólóhùn mẹ́ta ló ń jà ràìn. Àwọn kan ní kóòtù sọ pé ìbò Àbújá kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn kan ní kóòtù sọ pé fífi ẹ̀rọ fi èsì ránṣẹ́ kò bá òfin mu. Àwọn yòókù ní kóòtù ti yẹ ìwé ẹ̀rí yunifásítì Chicago State tí Tinúbú fún INEC, àjọ elétò ìdìbò, wò, ó sì ti ní kò lábùkù.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ohun tí àwọn adájọ́ sọ gan-an. Ohun tí wọ́n sọ fi ara pẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ibi tó ti yàtọ̀ yẹn ni ẹjọ́ náà wà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2023?

Ọjọ́ 25 Oṣù Kejì ni wọ́n dìbò. Ní ìdájí ọjọ́ 1 Oṣù Kẹta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tó jẹ́ alága àjọ INEC nígbà náà, kéde pé Bọ́lá Ahmed Tinúbú ti ẹgbẹ́ APC ló wọlé pẹ̀lú ìbò 8,794,726. Atiku Abubakar ti PDP ní 6,984,520, Peter Obi ti Labour Party ní 6,101,533, Rabiu Kwankwaso ti NNPP sì ní 1,496,687. Níbí lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, Tinúbú ló ṣíwájú pẹ̀lú ìbò 449,884. Ṣùgbọ́n Atiku ló mú Ọ̀ṣun, Obi sì gba Èkó mọ́ Tinúbú lọ́wọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò retí.

Atiku àti Obi, pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, gba kóòtù lọ. Ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ kì í bẹ̀rẹ̀ ní tìríbúnà ìpínlẹ̀ bíi ti gómìnà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ibẹ̀ ló sì ń parí sí. Adájọ́ márùn-ún ló jókòó sórí ẹjọ́ náà, Adájọ́ Haruna Tsammani sì ni olórí wọn. Ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹsàn-án 2023 wọ́n ka ìdájọ́ fún ohun tó lé ní wákàtí 12, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n da àwọn ẹjọ́ náà nù. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹwàá, àwọn adájọ́ méje ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, tí Adájọ́ Inyang Okoro léwájú wọn, fọwọ́ sí ìdájọ́ ìsàlẹ̀.

Kí ni olùpẹ̀jọ́ lè tìtorí rẹ̀ lọ sí kóòtù?

Nǹkan mẹ́ta péré ni òfin ètò ìdìbò 2022, tí wọ́n lò nígbà náà, fàyè gbà: pé ẹni tí wọ́n kéde kò kún ojú òsùwọ̀n láti dupò, pé ìwà ìbàjẹ́ tàbí títàpá sí òfin ba ìdìbò jẹ́, tàbí pé kì í ṣe òun ló ní ìbò tó tọ́ tó pọ̀ jùlọ. Ẹni tó bá lọ sọ fún kóòtù pé inú aráàlú kò dùn, tàbí pé ìdìbò náà rí wúruwùru, kò tíì sọ ohun tí adájọ́ lè dá ẹjọ́ lé lórí.

Apá kan sì wà nínú òfin yìí tí kì í sábà dé etí àwọn olùgbọ́ rédíò, òun ló sì ń pa ẹjọ́ púpọ̀: apá 135. Ó ní kóòtù kò gbọdọ̀ wọ́gilé ìdìbò nítorí pé wọ́n rú òfin, bí ìdìbò náà bá ṣì tẹ̀lé ìpìlẹ̀ òfin ní ọ̀nà tó pọ̀, tí àṣìṣe náà kò sì yí èsì padà. Kí olùpẹ̀jọ́ fi hàn pé INEC ṣẹ̀ kò tó. Ó gbọ́dọ̀ tún fi hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ náà ló sọ ẹni tó yẹ kó fìdí rẹmi di olúborí. Ìgbésẹ̀ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ olùpẹ̀jọ́ kì í rí gbé.

Ṣé dandan ni kí olúborí ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò Àbújá?

Tinúbú kò ní in. Ìbò tó ní ní Àbújá jẹ́ 90,902, kò pé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Obi ló kó èyí tó lé ní ìdajì.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa, ní apá 134, ní ẹni tó máa di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jùlọ, kó sì tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀, ó kéré tán, "àti" olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, Àbújá. Àwọn olùpẹ̀jọ́ ní ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn: kó ní ti ìpínlẹ̀ 24, kó sì tún ní ti Àbújá gẹ́gẹ́ bí àfikún tó di dandan. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn tó kọ òfin fi dárúkọ Àbújá lọ́tọ̀? Àwọn agbẹjọ́rò Tinúbú, tí Olóyè Wọlé Ọlánipẹ̀kun ṣáájú wọn, dáhùn pé ìwé òfin kan náà, ní apá 299, ní kí a máa wo Àbújá bí ìgbà tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé Àbújá nìkan lè dí ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè yàn lọ́nà, a jẹ́ pé ìbò ẹni tó ń gbé ibẹ̀ wúwo ju ìbò ẹni tó ń gbé ní Ìdó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Èyí tí àwọn olùjẹ́jọ́ sọ ni kóòtù gbà. Nítorí náà, kóòtù kò sọ pé ìbò Àbújá kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ń kà á bíi ti ìpínlẹ̀ yòókù. Ohun tí kóòtù kọ̀ ni pé kí ó ní agbára láti fi dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi tètè yé àwọn àgbà Ìbàdàn ni pé wọ́n ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ní 1979, ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Alhaji Shehu Shagari ti NPN ní ìbò 5,688,857, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti UPN ní 4,916,651. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Kò ní in ní ìkẹtàlá. Ẹgbẹ́ UPN, tí Bọ́lá Ìgè ti fi wọlé gómìnà Ọ̀yọ́ lọ́dún náà, ní ènìyàn kò lè gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ẹran: 13 ni òfin ń sọ.

Richard Akínjídé, ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣe agbẹjọ́rò fún NPN, ló gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọn kò tíì gbàgbé títí di òní. Ìbò tí wọ́n dì ní Kano jẹ́ 1,220,763. Bí a bá fẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀, Shagari nílò bíi 305,190. Ohun tó ní ni 243,423, kò tó. Ṣùgbọ́n bí òfin bá ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ ìkẹtàlá nìkan, a jẹ́ pé ìbò 813,842 ni ká wò. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn kò ju bíi 203,460 lọ. Shagari ti kọjá ibẹ̀. Àwọn tó tako ìṣirò náà bi í pé: bí ẹ bá gé ìbò Kano sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ló dé tí ẹ kò gé ìbò Shagari náà? Ẹ gé e, yóò di bíi 162,282, kò sì ní tó mọ́.

Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹsàn-án 1979, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Àtàńdá Fátáyì-Williams da ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ nù. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló yapa. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá ni wọ́n búra fún Shagari, ó sì fi Akínjídé ṣe mínísítà ètò ìdájọ́.

Lónìí, ìpínlẹ̀ 36 ni a ní, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 24 géérégé. Ìṣòro ìdá ti kúrò nílẹ̀, ti Àbújá ló gba ipò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ wo èyí: bí ẹnìkan bá ka Àbújá mọ́ ọn kó di 37, ìdá méjì nínú mẹ́ta á di 24 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀rọ̀ Akínjídé á sì tún jí dìde.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ IReV fi le tó bẹ́ẹ̀?

Ká ní ibùdó ìdìbò kan ní Ọjà Ọba la wà. Ẹni tó fẹ́ dìbò á mú PVC rẹ̀ wá, ẹ̀rọ BVAS á yẹ ìka ọwọ́ tàbí ojú rẹ̀ wò, á sì kà á mọ́ àwọn tó wá. Nígbà tí ìbò bá parí, òṣìṣẹ́ INEC tó jẹ́ olórí ibùdó á kà á sókè lójú gbogbo èrò. Á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù EC8A ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, á buwọ́ lù ú, àwọn ejẹ́ńtì ẹgbẹ́ náà á buwọ́ lù ú, oníkálukú wọn á sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Wọ́n á lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà, BVAS yẹn kan náà ni òṣìṣẹ́ náà á fi ya fọ́tò fọ́ọ̀mù, tí á sì fi ránṣẹ́ sí IReV, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí INEC ṣí sílẹ̀ kí aráàlú lè rí èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ kọ ló ń lọ sí wọ́ọ̀dù, ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀, títí dé Àbújá.

Ìdí tí fọ́tò náà fi ṣe pàtàkì kò fara sin. Bí ẹnìkan bá fi ọwọ́ kan nọ́ńbà náà kó tó dé wọ́ọ̀dù, fọ́tò tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á tú u fó. Ṣáájú ìdìbò, INEC ti sọ fáráyé léraléra pé òun máa gbé èsì sórí IReV láti ibùdó. Nígbà tó di ọjọ́ náà, èsì ìdìbò ilé aṣòfin àgbà gorí IReV, ti ààrẹ kò gùn ún. INEC ní wàhálà ẹ̀rọ ni: ẹ̀rọ wọn kò mọ ìpínlẹ̀ tó yẹ kó to èsì ààrẹ sí, nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni àgbègbè ìdìbò ààrẹ. Àwọn olùpẹ̀jọ́ ní kì í ṣe àṣìṣe, wọ́n ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Nígbà tí èsì wá ń gorí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan ṣú bàìbàì tí ojú kò lè kà á. Ẹgbẹ́ Labour kó 18,088 irú rẹ̀ lọ síwájú kóòtù.

Kí wá ni kóòtù sọ? Ó ní òfin ètò ìdìbò 2022, ní apá 60, ní kí olórí ibùdó fi èsì ránṣẹ́ "bí INEC bá ṣe là á sílẹ̀". Òfin kò dárúkọ IReV. Inú ìlànà tí INEC fúnra rẹ̀ kọ ni IReV wà, ìlànà kò sì lè ga ju òfin tó bí i lọ. Ó ní IReV jẹ́ ibi tí aráàlú ti ń wo èsì, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà àìṣiṣẹ́ rẹ̀ kò ba ìṣirò jẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi kún un pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè dín ìgbàgbọ́ aráàlú nínú ìdìbò kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí láti wọ́gilé e. Nítorí náà, kóòtù kò ní fífi ẹ̀rọ fi èsì ránṣẹ́ lòdì sófin. Ó ní òfin kò sọ ọ́ di dandan.

Èyí kò ní ya àwọn tó tẹ̀lé ẹjọ́ ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun lẹ́nu. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Karùn-ún 2023, nínú ẹjọ́ Oyètọ́lá àti Adélékè, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ ohun tó jọ èyí. Ó tún ní ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé ìbò pọ̀ ju àwọn tí BVAS yẹ̀ wò lọ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ BVAS fúnra rẹ̀, ìwé orúkọ àwọn olùdìbò àti fọ́ọ̀mù EC8A wá. Ìwé tí INEC tẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ rẹ̀ kò tó.

Ibùdó 176,846 ló wà ní Nàìjíríà. Ẹlẹ́rìí 27 ni Atiku pè, Obi pe 13. Kóòtù tún yọ ẹ̀rí púpọ̀ nínú àwọn yìí kúrò, nítorí pé wọn kò so ọ̀rọ̀ wọn mọ́ ìwé ẹ̀sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ó sì ní ẹ̀sùn mìíràn kò dárúkọ ibùdó tí màgòmágó ti ṣẹlẹ̀. Ojú àwọn olùpẹ̀jọ́ ni pé ìyẹn dà bíi kí kóòtù fi ọ̀nà ìpẹ̀jọ́ sin òtítọ́. Ojú àwọn olùjẹ́jọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti jí i, kó sì mú ẹni tó rí i wá.

Ìwé ẹ̀rí Chicago àti $460,000 ńkọ́?

Atiku lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà, ó sì gba àṣẹ kí yunifásítì Chicago State fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 2023, òṣìṣẹ́ yunifásítì náà jẹ́rìí pé Tinúbú kẹ́kọ̀ọ́ gboyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sọ̀yà lórí ìwé ẹ̀rí gan-an tí wọ́n fún INEC. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kò gba ẹ̀rí náà wọlé rárá: ọjọ́ 180 tí òfin fi sílẹ̀ ti pé, kò sì sí nínú ẹ̀sùn àkọ́kọ́. Kò yẹ ìwé náà wò, kò sì sọ ojúlówó rẹ̀ tàbí ayédèrú rẹ̀.

Ti $460,000, owó tó wà ní orúkọ Tinúbú nínú báǹkì, tí kóòtù Amẹ́ríkà gbà ní 1993 ni. Kóòtù wa ní owó ni ẹjọ́ náà dojú kọ, pé wọn kò dá Tinúbú lẹ́bi ọ̀ràn kankan, nítorí náà kò dí i lọ́wọ́ láti dupò.

Kí ló dé tí wọ́n fi búra fún ààrẹ kí ẹjọ́ tó parí?

Olùpẹ̀jọ́ ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìkéde láti gbé ẹ̀sùn rẹ̀ wá. Kóòtù àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 180 láti dájọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọjọ́ 60. Kò sí adájọ́ tó lè fi ọjọ́ kan kún un. Ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún a sì ti dé kí iye ọjọ́ yìí tó pé.

Ṣáájú àtúnṣe ìwé òfin ní 2010, kò sí gbèdéke. Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá lọ sí kóòtù lórí ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti 2007. Oṣù Kọkànlá 2010 ló tó dé ilé ìjọba, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti fi ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ jókòó síbẹ̀. Gbèdéke wá wo àìsàn yẹn sàn, ó sì mú àìsàn tirẹ̀ wá. Ní Ìbàdàn níbí, ní Oṣù Kọkànlá 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gilé ìdájọ́ tìríbúnà lórí ìdìbò gómìnà Ọ̀yọ́, síbẹ̀ kò yọ Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ló borí gan-an. Ní Oṣù Kejìlá, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi òpin sí i, ó ní Mákindé ni.

Kenya ń ṣe é lọ́nà mìíràn: ọjọ́ méje láti pe ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ, ọjọ́ 14 láti dá a, kí wọ́n tó búra fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fẹ́ irú rẹ̀ níbí ní ààrẹ tó ti gorí àga ti ní agbára ìjọba lọ́wọ́ kí ẹjọ́ rẹ̀ tó parí. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 14 kò tó kó ẹ̀rí láti ibùdó mẹ́wàá, ká má tíì sọ ibùdó 176,846.

Ṣé olùpẹ̀jọ́ kankan ti borí rí?

Nínú ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ ní Nàìjíríà, rárá. Èyí tó súnmọ́ ọn jù ni ti 2007: Muhammadu Buhari pe Umaru Yar'Adua lẹ́jọ́, lára ẹ̀sùn rẹ̀ sì ni pé ìwé ìbò kò ní nọ́ńbà. Ní Oṣù Kejìlá 2008, adájọ́ mẹ́rin ní kí ìdìbò dúró, mẹ́ta ní kí wọ́n wọ́gilé e. Ṣáájú ìyẹn, nínú ẹjọ́ Buhari àti Ọbásanjọ́ lórí ìdìbò 2003, kóòtù wọ́gilé èsì Ògùn odindi, ìpínlẹ̀ Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí olúborí padà. Ní 2019, Atiku ní ẹ̀rọ sáfà INEC fi hàn pé òun ló borí. INEC ní kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ní ibòmíràn nílẹ̀ Áfíríkà, ó ti ṣẹlẹ̀. Kenya wọ́gilé ìdìbò ààrẹ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án 2017, Uhuru Kenyatta sì tún wọlé nígbà tí Raila Odinga kọ̀ láti kópa nínú àtúndì. Malawi wọ́gilé tirẹ̀ ní Oṣù Kejì 2020, alátakò ló sì wọlé nínú àtúndì.

Kí ni wọ́n ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ṣáájú 2027?

Èkíní, tí wọ́n jà lé lórí títí wọ́n fi ṣe òfin ètò ìdìbò tuntun ní 2026, ni bóyá òfin fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ fífi ẹ̀rọ fi èsì ránṣẹ́ láti ibùdó di dandan, láìfi í sílẹ̀ fún ìlànà INEC. Àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé àwọn abúlé kan, pé ìbò wọn á ṣòfò. Àwọn tó fẹ́ ẹ ní BVAS lè tọ́jú fọ́tò náà pamọ́ títí yóò fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Èkejì ni ẹni tó yẹ kó gbé ẹrù ẹ̀rí. Láti 2008 ni ìgbìmọ̀ Adájọ́ Muhammadu Uwais ti dámọ̀ràn pé kí INEC, tí gbogbo ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, fi hàn pé ìdìbò òun tọ́, kí wọ́n sì máa parí ẹjọ́ kí ìbúra tó wáyé. Àwọn tó lòdì sí i ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá fìdí rẹmi ni yóò máa gba kóòtù lọ.

Ẹ̀kẹta ni Àbújá, òun náà ló sì le jù láti tún ṣe. Òfin ètò ìdìbò, ilé aṣòfin àgbà lè yí i padà kí ààrẹ sì buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni apá 134 wà. Kí ọ̀rọ̀ kan tó kúrò níbẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 náà sì gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀kan lára wọn wà ní Sẹkitéríàtì Àgodi níbí, ọmọ ilé 32 ló ń dìbò níbẹ̀.